Ibi Tí Àwọn Ọba Gẹ̀ẹ́sì Sùn Sí

Òórùn kafúrà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, èyí tí ó bá àpótí ìyá bàbá mi wọ ilé tí a háyà ní Brays Oaks lókè òkun, nígbà tí wọ́n wá bá ìyá mi wẹ ọmọ tuntun. Ó gba gbogbo pálọ̀, ó sì wọ aṣọ òtútù mi pàápàá. Ní ọ̀sẹ̀ náà, olùkọ́ ìtàn wa ti ní kí n sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì lórí ibi tí wọ́n sin àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ sí. Mo ti kàwé débi pé mo rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ òkú.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò fún àwọn ará ilé. Mo ṣàlàyé ère òkúta orí ibojì, tí ọba àti ayaba dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni tí ó sùn. Mo sọ ti ọba tí wọ́n yọ ọkàn rẹ̀ sin sí ìlú kan, tí ara rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn. Nígbà tí mo dé orí ọba tí wọ́n wá rí egungun rẹ̀ lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ìyá àgbà dá mi dúró.

"Ṣé kò bímọ ni?"

"Ó ti pẹ́ gan-an, Màmá."

"Kí ó pẹ́! Kí mọ́tò máa gun ọba lórí, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀? Ẹ̀yin òyìnbó yìí mà dájú o!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ti bàbá mi ni ó pọ̀ jù.

"Ó dáa, ọ̀mọ̀wé," ni ìyá àgbà wí. "Baba tó bí bàbá rẹ ńkọ́? Níbo ni wọ́n sùn sí?"

"Ní ìtẹ́ òkú," mo dáhùn kíákíá, mo ti ń wo kọ̀ǹpútà mi.

Ẹ̀rín bàbá mi dá. Ìyá àgbà wò mí, wọn kò bínú. "Nínú yàrá tí o sùn nígbà tí ẹ wálé ni. Abẹ́ pèpéle onítáìsì yẹn."

N kò mọ̀ pé inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin baálé sí ní ìlú wa. Mo rántí pèpéle náà, bí ó ṣe funfun tí ó sì tutù. Orí rẹ̀ ni mo máa ń bọ́ bàtà sí. Mo tilẹ̀ ti sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n fọ́ ọ dànù, nítorí pé mo fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Láràárọ̀ ni ìyá àgbà ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí wọ́n ń kí ẹnì kan wúyẹ́wúyẹ́. Èmi sì ń dá wọn lóhùn láti orí ibùsùn, inú mi ń dùn pé wọ́n fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Ojú gbà mí tì.

"Màmá, ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ ni o máa bẹ̀." Wọ́n kọjú sí bàbá mi. "Ẹni tó mú un wọlé, tí kò fi bàbá rẹ̀ hàn án, ṣé ó wà ńbí?"

Bàbá mi, ọkùnrin tí kì í gba ìbáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dorí kodò. Ìyá àgbà wá yíjú sí mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ wọn ni èmi náà máa sùn sí. Lọ́wọ́ òsì. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ náà tán ní kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi. Títí di òní, ojú ṣì ń tì mí, n kò sì gbàdúrà pé kí ó tán. Mo ti rò pé ẹni tí ó bá mọ orúkọ ìlú àti irú òkúta ti mọ òkú. Ìgbà tí ó yá ni ó yé mi pé ní ìrọ̀lẹ́ náà, arúgbó kan ń wò mí lójú, ó ń wá ẹni tí yóò mọ ibi tí wọ́n sin òun sí bí ọjọ́ bá lọ, ó sì kù díẹ̀ kí ó má rí i.