Tíì Tí Mo Fi Sílẹ̀ Láìmu

Òórùn ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Níwájú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tí mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń dúró de oúnjẹ, òróró gbígbóná àti àlùbọ́sà ló máa ń rùn, á sì lẹ̀ mọ́ kóòtù mi títí mo fi máa délé. Ṣùgbọ́n tó o bá gba ẹ̀yìn wọlé lọ́sàn-án, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, òórùn mìíràn ló máa pàdé ẹ, bí ìgbà tí ẹnì kan ń yan ẹ̀pà lábẹ́ igi tó ń tanná. Tíì ni. Oolong ni wọ́n ń pè é. Thamesmead ní ìlú London ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúláàtì níbẹ̀. Òun ń wa bọ́ọ̀sì, èmi sì ń bá tọkọtaya ará Ṣáínà kan ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wọn, mò ń bó kárọ́ọ̀tì, mò ń fọ abọ́, mò ń nulẹ̀.

Ìyàwó ló máa ń po tíì náà. Mò ń pè é ní Auntie nítorí pé ó jù mí lọ dáadáa. Òun ń pè mí ní Sister. Gẹ̀ẹ́sì tèmi àti tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ bára mu, ọwọ́ àti ojú la fi ń ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bù ú fún mi, mo ní kó fún mi ní mílíìkì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fà mí jókòó sórí àpò ìrẹsì. Ó fi ewé náà hàn mí, ó dúdú, ó ká kókó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó dà á sínú ìkòkò alámọ̀ kan tí kò tóbi ju ìkúùkù mi lọ, ó da omi gbígbóná lé e, ó sì da omi náà nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Èyí la fi ń jí i lójú oorun," ló wí. Omi kejì ló bù fún mi, nínú ife tí kò létí, tó kéré bí èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ó korò. Mo fẹ́ tu ú. "Dúró," ló wí, ó sì fọwọ́ kan ọ̀fun mi. Nígbà tó yá, adùn kan rọra yọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, bí ìgbà téèyàn jẹ obì tán tó wá mu omi tútù lé e. Ó rí i lójú mi pé adùn náà ti dé, inú rẹ̀ sì dùn bíi pé òun ló bí mi.

Bá a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Ewé kan náà la máa ń bomi lé léraléra, tá a ó máa sọ̀rọ̀ títí adùn rẹ̀ á fi tán. Ó sọ fún mi nípa òkè tí ìyá rẹ̀ ti máa ń já ewé tíì. Mo sọ fún un nípa ọmọbìnrin mi tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, ohun tí n ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò tí wọ́n máa ń tutọ́ sára fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ń ta ilẹ̀kùn nípàá, ọkọ Auntie sì jáde lọ bẹ̀ wọ́n pé kó tó. Ọ̀kan nínú wọn la ìgò mọ́ ọn lójú. Èmi àti Auntie dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di apá mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo rí ọmọ náà dáadáa. Ọmọ obìnrin òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ni, obìnrin tó máa ń bá mi di ilẹ̀kùn mú tí ẹrù bá pọ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn dókítà ò rí ojú ọ̀tún ọkùnrin náà gbà là.

Mo sọ ohun tí mo rí fáwọn ọlọ́pàá. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi.

"Ṣé ìwọ nìkan lo lójú ní Thamesmead ni?"

"Ojú mi ló ṣe."

"Ojú tìẹ náà ni wọ́n máa fọ́ tẹ̀ lé e."

Ìyá ọmọ náà wá kanlẹ̀kùn. "Ọmọdé ni," ló ń wí, ó ń sunkún. "Ṣé ìwọ ò bímọ ni?" Mo ní mo bí. Láti ọjọ́ yẹn kò kí mi mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìgbẹ́ ajá gba ojú ihò lẹ́tà wa wọlé. Mò ń gbá a, mò ń fọ ibẹ̀, mò ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọlọ́pàá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti gbọ́ tẹnu tọkọtaya náà. Ọkọ Auntie ní òun ò rántí nǹkan kan. Auntie ní òun ò rójú ẹnikẹ́ni, pé ibi ìdáná lòun wà.

"Obìnrin yìí ńkọ́?" Ọlọ́pàá náà nawọ́ sí mi. "Ibo lòun wà?"

"Mi ò mọ̀," ni Auntie wí. Kò wò mí.

Ọlọ́pàá náà rẹ ohùn sílẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ò lè dúró nílé ẹjọ́. Nígbà tó lọ tán, Auntie gbé kẹ́tùlù kaná. Ó po tíì náà bó ṣe máa ń pò ó, kò kánjú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tèmi síwájú mi.

"Sister, a fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù. Tá a bá sọ̀rọ̀, wọn ò ní jẹ́ ká lọ ní àlàáfíà."

"Èmi ńkọ́? Ibo lèmi fẹ́ lọ?"

Ó tún rọra ti ife náà sún mọ́ mi. Mo mú kóòtù mi, mo jáde, èéfín ṣì ń rú lójú tíì náà. N ò fẹ́ délé. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich, mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, mo sọdá, mo tún sọdá padà, títí ara mi fi balẹ̀ díẹ̀.

Kò pẹ́ tí Auntie àti ọkọ rẹ̀ fi kó lọ. Ẹlòmíràn gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ yẹn ṣì ń jókòó sórí àtẹ̀gùn wa, á sì máa súfèé tí mo bá ń kọjá, títí a fi rí fúláàtì mìíràn ní Abbey Wood.

Àwọn tí mo sọ ọ́ fún máa ń sọ pé ẹ̀rù ló ba obìnrin náà. Mo mọ̀. Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo ti dárí jì í pé kò sọ ohun tó rí nípa ọmọ yẹn, torí ojú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fọ́, kì í ṣe ojú ọkọ mi. Èyí tí n ò tíì lè gbé mì ni pé wọ́n bi í léèrè ibi tí mo wà, ó ní òun ò mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Láti ìgbà náà, tí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni mí, n kì í bi í bó ṣe fẹ́ràn mi tó. Ohun tí mo máa ń rò nínú ara mi ni pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í, ṣé á lè sọ pé mo wà níbẹ̀?