Ọmú Ọ̀tún

Ọmọdé ni nọ́ọ̀sì tó kọ́ àwa obìnrin Igbó-Ọrà bí a ṣe ń yẹ ọmú ara wa wò nílé. Ó ní kí á fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ yípo, kí á sì tètè padà wá bí ọwọ́ wa bá ba kókó. Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò tíì bímọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo fọṣẹ para. Òsì dára. Ní ọ̀tún, ọwọ́ mi ba kókó kan nítòsí abíyá, ó le bíi kóró àgbálùmọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo bí ìbejì, ìyá ọkọ mi ló pín ọmú fún wọn: ọ̀tún fún èyí tó kọ́kọ́ jáde, òsì fún ìkejì, ọ̀kan kò gbọdọ̀ mu ti èkejì. Ẹni tó ni ọ̀tún kú lọ́mọ oṣù mẹ́rin. Ìkejì ń ké fébi, ọmú ọ̀tún kún, ó ń ro mí, síbẹ̀ ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kí n fún un. Mo gbà lọ́kàn mi pé omi ọmú ọ̀hún ló dì di kókó náà. Ọmọ tó kù ti wọ yunifásítì báyìí.

Mi ò ya dìndìnrìn. Mo mọ̀ pé omi ọmú kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀ títí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ mi lára, ọwọ́ mi ò kúrò lórí kókó náà. Bí wọ́n bá wò ó, tí wọ́n ní kì í ṣe omi ọmú, kí ló tún kù lára mi tó jẹ́ ti ọmọ tó kú yẹn?