Ta ni yóò máa kí ìyá mi láàárọ̀?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi fi pa wá lẹ́nu mọ́ lónìí.

Mo mú wọn lọ wo ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Tanke. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nọ́ọ̀sì ní, "Mama, ẹnikẹ́ni ò ní yọ yín lẹ́nu. Tí nǹkan bá ṣe yín, ẹ tẹ aago yìí."

"Tí mi ò bá lè tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"



Láwọn ọdún 1970, ẹnu ọ̀nà agboolé wa ní Gàmbàrí ni ìyá àgbà máa ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó ń jáde láì kí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn ò dáhùn, kíá la gbé wọn lọ sọ́sibítù.

Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí. Ìyá mi nìkan ló kù lágboolé náà báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti kí àgbà ilé tiyín lónìí?