Ẹni Tó Dúró Níbi Tí Kò Sí Àyè

Tí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Èmi gan-an ni mo máa ń fi àwọn tó bá ní àwọn rí iwin rẹ́rìn-ín. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n mu. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, mi ò sì mu ju omi lọ lọ́jọ́ náà.

Mẹkáníìkì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni mo yàn láàyò, pàápàá jù lọ pòròpẹ́là wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo abẹ́ ọkọ̀, pòròpẹ́là ni irin gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ fún àwọn táyà ẹ̀yìn. Tàwọn ọkọ̀ olówó ńlá kò rí bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Inú rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, abala méjì ni wọ́n sì ṣe é. Tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, abala kan á wọnú èkejì, kí irin náà má baà gún àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Tó bá ti wọlé, wọn kì í fà á jáde lò mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nígbà ọyẹ́. Màmá kan, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, gbé jíìpù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun wá bá mi. Pòròpẹ́là rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Ó fẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ sí Àkúrẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kó lè dá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì padà fún ìyá wọn. Àwọn ọmọ náà wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, wọ́n ń ṣeré.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó máa ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ fún wa. Ó mú tòkunbọ̀ kan jáde. Mo bi í bóyá ara ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá ni wọ́n ti tú u. Ó ní rárá o, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti já a. Mo fi sípánà kàn án, ó dún dáadáa. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, mo bá gbé e.

Nígbà tí mo fi máa dè é dé ìdajì, àwọn tá a jọ wà ní yáàdì ti lọ kírun Jímọ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, nítorí náà èmi nìkan ló kù. Ọ̀sán gangan ni. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ jíìpù, mo dùbúlẹ̀, mò ń de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni mo rí ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nìkan ló ń rí. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni. Bàtà dúdú onókùn wà ní ẹsẹ̀ kan. Èkejì kò ní bàtà, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ náà sì rin gbingbin. Nínú ọyẹ́ o!

Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Mò ń bọ̀."

Òtútù kan gba ilẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn.

Ó wá sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́. Ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ará Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

"Kí ni kí n tú, sà?"

"Ọmọdé ni wọ́n."

Inú bí mi díẹ̀. Mo ju sípánà sílẹ̀, mo yí jáde, mo dìde láti wo ẹni tó ń dà mí láàmú. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí ẹnì kankan. Ẹ̀gbẹ́ tí mo ti rí ọkùnrin náà, ògiri ni. Èmi fúnra mi ni mo gbé jíìpù náà fara ti ògiri ọ̀hún. Ọwọ́ mi kò lè kọjá láàárín wọn, kí á tó wá sọ èèyàn tó dúró.

Bí mo ṣe pe orúkọ Jésù lọ́jọ́ náà, pásítọ̀ wa kò pè é tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ sá lọ. Àmọ́ mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn láti òdìkejì títì. Mo padà sábẹ́ ọkọ̀, mo tú u.

Mo ha ọ̀dà ojú ibi tí abala méjèèjì ti pàdé. Ó ti wọlé rí. Ẹnìkan ló fi agídí fà á jáde, tó sì kùn ún. Ká ní ó já lórí eré, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ì bá gbà wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ì bá jókòó sí.

Mo lọ bá Màmá. "Ẹ má bínú, mà. Ọkọ̀ yìí kò lè lọ lónìí."

"Ìyá wọn ti ń retí wọn! Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ wọ mọ́tò."

Ó wo ojú mi. Ó di ọwọ́ àwọn ọmọ náà mú, wọ́n lọ sí gáréèjì. Wọ́n dé Àkúrẹ́ láyọ̀.

Mo gbé irin náà padà fún ọkùnrin tó tà á, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣe ló fà mí wọnú ṣọ́ọ̀bù.

"Báwo ni bàtà ẹ̀ ṣe rí?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí táyà.

"Ẹsẹ̀ bàtà kan ló wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti tú irin yẹn nígbà tí wọ́n fà á jáde nínú odò," ló sọ. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

A fẹnu kò pé kí a gé irin náà wẹ́wẹ́. Kò síná. Jẹnẹrétọ̀ wẹ́dà tó máa bá wa gé e sì ti bàjẹ́. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, ìyàwó ọkùnrin náà ti tà á. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹnìkan láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló rà á, òun kò sì bèèrè orúkọ rẹ̀.

Mo ti wá a dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo ti dé Ìbẹ̀fún. Kò sí mẹkáníìkì tí mi ò tíì bi. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Mo máa ń rò ó pé ọkùnrin yẹn ti lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mìíràn, pé ó ti sọ̀rọ̀, àmọ́ pé ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Tí ọkọ̀ yín bá ń gbọ̀n lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tí eré bá ti ń le, ẹ má sọ pé ọ̀nà ni kò dára. Ẹ dúró, kí ẹ kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀.