Bọ́tìnnì Méjì Tí Kò Dáhùn

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu bàbá mi, ọwọ́ òsì nìkan ló kù tí wọ́n lè lò. Wọ́n tọ́ka sí láptọ̀ọ̀pù wọn àtijọ́, èyí tó nípọn bíi búrẹ́dì, tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tíṣà. Mo gbé e síwájú wọn nínú yàrá wa ní Òkè-Àfà.

"Mo f i abuo mi," ni wọ́n tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wò ó títí, ó mirí. "Ọpọlọ Bàbá ti lọ nìyẹn."

Lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lu ẹ̀rọ náà, omi ń bọ́ lójú wọn. A ní kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe, la bá gbà á. Èmi gan-an ni mo gbà á. Wọ́n dì í mú, mo já a gbà. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi kú.

Fọ́tò ìyá wa wà nínú ẹ̀rọ náà, ni mo ṣe gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkòtà. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, méjì ò ṣiṣẹ́ níbí o. E àti R."

Ó ṣí wọn, ó fi hàn mí. Tíì onísúgà ti gbẹ mọ́ abẹ́ wọn. Ó fi òwú àti sípíríìtì nù ún, ó tún wọn tẹ̀, lẹ́tà méjèèjì bá yọ lójú ẹ̀rọ. Níbẹ̀ ni gbólóhùn bàbá mi ti tò fún mi: *Mo fẹ́ rí àbúrò mi.*

"Àǹtí, kí ló dé? Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí o."

Mo sanwó fún un, mo gbé ẹ̀rọ náà.

Àbúrò kan ṣoṣo ni bàbá mi ní, àǹtí wa tó ń ta òwú ìránṣọ ní Èjìgbò. Ilẹ̀ ìyá wọn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ náà ni mo lọ síbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Bàbá bèèrè yín kí wọ́n tó kú. Ojoojúmọ́ ni. Àwa ni ò gbọ́."

Àǹtí wò mí. "Èmi náà wá o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu géètì yín, tí mo padà. Mo rò pé wọn ò fẹ́ rí mi ni."

Àǹtí ò bú mi. Ìbá sì tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bú mi. Wọ́n fa àga fún mi, a jókòó. Àwọn oníbàárà ń pè lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dìde nínú àwa méjèèjì.