Ihò Tí Fàsásì Kò Lu

Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún Fàsásì káfíńtà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ Mabel aránṣọ ní Ìpọ̀nrí. Ọdún 1974 ló kan kọ́bọ́ọ̀dù fún un, èyí tó ní dúrọ́ọ̀ méje: òwú nínú ọ̀kan, bọ́tìnnì nínú ìkejì, síìpù nínú ìkẹta, títí dé ìsàlẹ̀. Mabel to ẹrù rẹ̀ sínú wọn, inú rẹ̀ dùn. Àfi bó ṣe ti dúrọ́ọ̀ òwú wọlé, tí ti bọ́tìnnì yọ jáde fúnra rẹ̀. Ó ti ti bọ́tìnnì wọlé, ti síìpù yọ. Kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Obìnrin kan tó wá gba bùláòsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Bùláòsì náà wà lọ́wọ́ Mabel dòní. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìròyìn ti dé ọjà Tejúoṣó pé ẹni àìrí ń bá Mabel ṣí dúrọ́ọ̀. Àwọn oníbàárà wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà béèrè aṣọ wọn, àwọn tuntun kò sì yà mọ́. Mabel, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kì í fi òwò ṣeré, ké sí àwọn aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Saidat aládùúgbò rẹ̀ ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó lọ mú àáfà wá. Wọ́n wọ́n omi sí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kéwú sí i. Dúrọ́ọ̀ ń yọ.

Ìgbà náà ni wọ́n tó rántí ránṣẹ́ pe ẹni tó kàn án. Fàsásì rìn wá láti Àgùdà, ó wo àáfà, ó wo àwọn aládùúrà, ó ní kí Mabel fún òun ní páúdà díẹ̀. Ó bù ú sí ẹnu dúrọ́ọ̀ ìkarùn-ún, ó sì ti ìkẹta wọlé. Páúdà fẹ́ sójú àáfà.

"Atẹ́gùn ni," ni Fàsásì wí. "Mo kàn án, ó dì, atẹ́gùn ò rí ibi gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá ti ọ̀kan wọlé, tinú ẹ̀ á lọ ti èkejì síta. Káfíńtà mélòó ní Surulere ló lè kan irú ẹ̀?"

Mabel ní òun ti gbà, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́ bá òun lu ihò kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ lọ, kí àwọn oníbàárà òun lè padà wá. Fàsásì wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó lu ìdí ìkòkò omi. Ó ní òun ò ní fọwọ́ ara òun ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Káfíńtà yòókù á ní kó o padà wá lọ́la, ọ̀la wọn kì í sì í dé. Fàsásì kì í dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni, igi ló ń dá ọjọ́. Oṣù mọ́kànlá ni pákó ọ̀gànwó Mabel fi fara ti ògiri Fàsásì, tí òun náà ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e láràárọ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Nígbà tí Mabel fìbínú dé, Fàsásì ní kí òun náà wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Mabel gbé e lé e. Ó gbà pé ó ṣì tutù díẹ̀.

Abọ́dúndé akọ̀wé báńkì ni kò mọ̀wà rẹ̀. Ó mú ìwé àwòrán òkè òkun kan wá, ó ní irú kọ́bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ gan-an lòun fẹ́, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Fàsásì yẹ àwòrán náà wò, ó yìn ín, ó mú ọ̀bẹ, ó rọra gé e jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó ní ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì lè ṣe nìyẹn, kó máa kó aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí Mabel kò pe káfíńtà mìíràn. Ó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn káfíńtà Àgùdà, ẹnikẹ́ni kì í fi irin kan iṣẹ́ ẹni tó ṣì wà láyé láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, Fàsásì kò sì ní fún wọn láṣẹ. Mabel bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúnkún di dúrọ́ọ̀ kan mú kí wọ́n tó ti èkejì. Díẹ̀díẹ̀, àwọn oníbàárà ń padà wá, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wá wòran. Bí Fàsásì bá yà kí i, Mabel á sọ fún un lójúkojú pé ọjọ́ tó bá kú lòun máa lu ihò òun. Fàsásì á ní àmín.

Lọ́dún 1978, àìsàn dé bá Fàsásì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè ti ìfági mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mabel gbójú sókè nídìí máṣíìnì, Fàsásì ló rí lẹ́nu ọ̀nà tó ń mí gúlegúle, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní òun wá lu ihò náà.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo mọ ẹni tó o máa pè tí mo bá kú. Ọlábọ̀dé, káfíńtà ẹgbẹ́ mi, lo máa pè. Ọwọ́ Ọlábọ̀dé wúwo, á fọ́ ọ."

Wọ́n jọ yí kọ́bọ́ọ̀dù náà padà. Fàsásì kúnlẹ̀ tìrora-tìrora, ó wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù ya àgbélébùú kékeré síbi tí ihò máa wà, ó sì yọ irin tó fi ń lu igi. Irin náà ń gbọ̀n. Mabel wo irin, ó wo ọwọ́ tó mú un. Ohun tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún mẹ́rin ló dé yìí, àánú ọkùnrin náà sì gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń bẹ̀ mí ni?"

"Èmi ni. Orúnkún mi ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Fàsásì bínú gan-an. Ó ní obìnrin kì í mọ ohun tó fẹ́, ó ní láti Àgùdà lòun ti fẹsẹ̀ wíwú rìn wá. Àmọ́ kíá ló ti irin náà bọ àpò, ó jókòó, ó sì mu ìgò míńrà méjì tí Mabel rà fún un.

Oṣù kejì lẹ́yìn náà ló kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọlábọ̀dé wá bá Mabel, ó ní ẹni tó ni àṣẹ ti lọ, òun lè lu ihò náà fún un wàyí, òun ò ní gba nǹkan kan. Mabel fún un ní àga, ó sì ní rárá.

Bó bá ti yí kọ́bọ́ọ̀dù náà padà láti nu eruku, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń nù, àfi ibi tí àmì pẹ́ńsù yẹn wà. Ìlà kan gùn ju èkejì lọ, ó sì wọ́. Nínú gbogbo ohun tí Fàsásì fọwọ́ ṣe láyé, òun nìkan ni kò gún, òun sì ni Mabel fẹ́ràn jù.