Àpò Ìwé Pupa Tí Yiu Bik-sau Kò Ná

Nígbà tí Yiu Bik-sau ṣì wà lọ́mọ ogún ọdún, kò sí ilé tí wọ́n ti ń mu tíì lágbègbè Kowloon tí orin rẹ̀ kì í dún. Bó bá ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ á tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, wọn á dúró síbẹ̀ títí ọlọ́pàá á fi wá lé wọn. Ìyá rẹ̀ a máa ráhùn pé ará ilé ò ríbi gbà kọjá. Ẹ̀rín ni Bik-sau máa ń fi í rín. Ó rò pé bí ayé á ṣe máa rí lọ nìyẹn.

Nínú fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, ó kú. Bí wọ́n ti ya ibẹ̀ tán, ọ̀gá tó ń darí fíìmù náà fi ọwọ́ méjèèjì na àpò ìwé pupa kékeré kan sí i, owó wà nínú rẹ̀. Àṣà àwọn òṣèré ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe òkú nínú eré gbọ́dọ̀ gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ ná an kó tó délé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oríburúkú á tẹ̀ lé e wọlé. Bik-sau fi tirẹ̀ ra áísìkiriìmù fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ olórin tí ojú wọn ń dán dé, ẹnikẹ́ni ò pè é síbi orin mọ́. Nínú fíìmù, ó kúrò ní àfẹ́sọ́nà, ó di ọ̀rẹ́ àfẹ́sọ́nà. Ó di ìyá, ó di ìyá ọkọ oníjàgídíjàgan. Nígbà tó yá, wọ́n rí ìyá ọkọ mìíràn. Ká má parọ́, iṣẹ́ yìí kì í sin èèyàn délé. Kò lọ́kọ, kò bímọ, yàrá kan ló ń gbé ládùúgbò Sham Shui Po, bẹ́ẹ̀dì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìkòkò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Lok, ọmọkùnrin tó ń wá òṣèré fún eré tẹlifíṣọ̀n, pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n Yiu, a ń wá ẹni tó máa ṣe ìyá."

"Ṣé màá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, orí ìyá yìí ni gbogbo eré dá lé. Gbogbo wọn ló máa sunkún nítorí ẹ̀."

Choi, aládùúgbò rẹ̀, ń ro ẹ̀kọ ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́. "Ṣé wàá kọrin níbẹ̀?"

"Bí wọ́n bá ní kí n kọ ọ́, ṣé màá sá ni?"

"Ìwọ kọ́. Àwa tá a múlé tì ẹ́ la máa sá."

Ohùn òun, kí aráyé tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn nìkan ni Bik-sau ń fẹ́. Ó ń mu oògùn ọ̀fun, ó ń fi orin jí lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, Lok fi í jókòó síwájú aṣọ funfun. Kí wọ́n tó kun ún ní pọ́dà, ó fi ọwọ́ méjèèjì na àpò ìwé pupa sí i. Bik-sau wò ó. Ó ti pẹ́ jù nínú iṣẹ́ náà láti béèrè ohun tó jẹ́.

"Fótò nìkan ni?"

"Fótò nìkan ni, ẹ̀gbọ́n. Orí pẹpẹ òkú ni wọ́n máa gbé e sí, wọ́n á tan tùràrí síwájú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu dé. Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó dùn ún wọra. Nígbà tó ń darí bọ̀ wálé, ó kọjá lára ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, ó kọjá lára oníáísìkiriìmù, kò yà síbì kankan. Choi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí àpò ìwé pupa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bik-sau, o ò tíì ná an? Orí ẹ dàrú ni? Padà, lọ ra nǹkan, kó má tẹ̀ lé ẹ wọlé."

"Jẹ́ kó tẹ̀ lé mi. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti tẹ̀ lé mi wálé."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, kò sì tì í.